Ọjọ́ tí Mo Lọ Wẹ̀ ní Ilé Àna

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò rò pé màá gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mo kọ́kọ́ wọ ilé àwọn àna mi ní Igbosere.

Títí ni orúkọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló tọ́ ọ dàgbà, ọmọ Sàró paraku, tí Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu wọn bí ẹni ń mí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta àgádágodo ní Apọ́ngbọ̀n ni èmi. Títí kìlọ̀ fún mi pé bí Màmá bá sọ ohun tí kò yé mi, kí n béèrè. Mo ní kí ló dé tí kò fi ní í yé mi? Mo ní ọgbọ́n kan tí mò ń dá sí Gẹ̀ẹ́sì: bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ méjì, màá túmọ̀ èkíní, màá túmọ̀ èkejì, màá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n náà kò já mi kulẹ̀ rí, nítorí àwọn tí mò ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ ọ jù mí lọ.

Màmá fúnra wọn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n wá jẹun ọ̀sán, ṣùgbọ́n kí n má “dress up” o. Mo jókòó, mo rò ó. “Dress” ni aṣọ, “up” ni òkè. Màmá kò fẹ́ aṣọ òkè. Mo ní bóyá ooru ni wọ́n rò. Mo dá aṣọ òkè mi padà sínú àpótí, mo gbé agbádá léèsì aláwọ̀ wúrà wọ̀, pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Nígbà tí Màmá ṣílẹ̀kùn, gáùn ilé àti sílípáàsì ló wà lára wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n rọra wọlé kí ilẹ̀kùn má baà há agbádá mọ́ mi lára.

Mo béèrè ọmọ wọn ọkùnrin, Bọ̀dá Dípò. Màmá mí kanlẹ̀. “Dipo has come down with malaria.”

“Come down” ni mo gbọ́, mo ti mọ̀ pé Bọ̀dá ti sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdùnnú kò jẹ́ kí n fetí sí èyí tó kù. Mo ní, “Thank God, ma.” Mo dìde, mo kọjú sí àtẹ̀gùn, mo ká agbádá mi sókè láti dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Títí fà mí lẹ́wù jókòó.

A jẹun tán, Títí ní òun ń lọ sí kẹ́místì. N kò béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó kù èmi àti Màmá. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ dán ọmọ wò, wọ́n ní nínú ilé àwọn, ọkùnrin ló máa ń “wash up” lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí ilé ìdáná àti àtẹ̀gùn wà.

“Wash” ni wẹ̀. “Up” ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹnu yà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ìdílé àtijọ́ ò ní ṣàìní àṣà tiwọn. Mo gun òkè lọ. Àfi bí mo ṣe bá garawa omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú balùwẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ ìnura. Mo ní ẹ wo bí wọ́n ṣe kà mí sí! Mo bọ́ra, mo da omi sórí. Èmi tí mò ń ta àgádágodo, n kò tilẹ̀ wò ó bóyá ìkọ́ wà lára ilẹ̀kùn.

Omi Bọ̀dá Dípò ni. Ó wọlé tòun ti búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ̀n, ó rí mi, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ tó ń pe ìyá rẹ̀: “Màmá, ibà yìí ti wọ̀ mí lórí o. Mò ń rí ọkùnrin kan tó ń wẹ̀.”

Kí n tó fa ṣòkòtò wọ̀, Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, Títí wà lẹ́yìn wọn tòun ti oògùn.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Mò ń wash up, ma.”

Títí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ bo ojú. Màmá ní kí n wọṣọ, kí n máa bọ̀ nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ti dàwátì.

Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ti aṣọ òkè. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé Màmá, tí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn, tí wọ́n ń nu omijé. Wọ́n ní ọkùnrin tí àwọn ti ní kó fọ abọ́ nínú ilé yìí pọ̀, wọn kì í gbéra. “Ìwọ gbéra. Ibi tí o gbà lọ nìkan ni kò dára.” Wọ́n wá mú mi lọ síbi abọ́, mo fọ̀ ọ́ tòun ti agbádá. Títí tún gbé omi mìíràn kaná fún Bọ̀dá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà bíi tọkọtaya: bí méjì bá ti fẹ́ra, ọmọ tí wọn yóò bí lè má jọ ìkankan nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ ọmọ náà, kó béèrè orúkọ rẹ̀. Èmi àti Títí ti di ọkọ àti aya báyìí. Bí a bá jẹun tán nílé Màmá, Yorùbá ni wọ́n máa ń fi rán mi níṣẹ́: “Abọ́ ni mo wí o, ọkọ Títí. Kì í ṣe ara.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?