Mo Ró Ìró Pàdé Oníbàárà Òkè Òkun

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní abúlé kékeré tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó sétí omi, níbi tí èèyàn ń wọkọ̀ dé láti èbúté Ogbe-Ijoh, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Ọjọ́ náà ni mo ró ìró obìnrin pàdé ọkùnrin tí iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí ìyá mi gan-an ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. "Ọmọ mi ń bá ìjọba ṣiṣẹ́," ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdàgbàsókè òwò ni mo wà. A óò wá ẹni tó ní ọjà tó dára ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí yóò tà á sí, a óò wá ẹni tó ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀ lókè òkun, a óò wá so àwọn méjèèjì pọ̀, a óò sì bá wọn sáré ìwé títí ẹrù yóò fi wọ ọkọ̀. Ó rọrùn láti ṣàlàyé ju láti ṣe lọ. Ìbàdàn ni mo wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wá sí Warri.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bà mí sílẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi dá èèyàn lóhùn. À ń jẹun àárọ̀ nílé wa ní Orhuwhorun nígbà tó ní, "Daddy, if person wan buy crayfish, e no fit find am for phone?"

Mo ní ẹni tó bá fẹ́ edé lè rí i rà lórí fóònù.

Ó ní, "So wetin you come dey do?"

Ìyàwó mi tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Èmi náà tẹjú mọ́ tèmi.

Oṣù yẹn gan-an ni ìwé dé láti olú ilé-iṣẹ́ wa pé ọ́fíìsì tí kò bá lè fi oníbàárà kan ṣoṣo hàn kí ọdún tó parí, wọn yóò pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, wọn yóò sì fọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ká. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ni. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀rẹ́. N kò fẹ́ dẹrù mọ́.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni Ìyá Mòdúpẹ́. Opó ará Ìlàjẹ ni, òun sì ni olórí àwọn obìnrin mọ́kànlá tí wọ́n ń yan ẹja, tí wọ́n sì ń gbẹ edé ní abúlé yẹn. Orí fóònù la ti mọra. Ó máa ń fi àwòrán edé ránṣẹ́ sí mi, èmi a sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi. Ìjábọ̀ yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti ṣàbẹ̀wò sí abúlé náà lẹ́ẹ̀mẹta. N kò débẹ̀ rí. Omi ń bà mí lẹ́rù. Ìjẹ̀bú orí ilẹ̀ ni mí. Odò tó jìn ju orúnkún lọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Mo rò pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó di ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa, Madam Ejiro, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i. Ó ní ọkùnrin ará Gánà kan tó ń kó oúnjẹ ilẹ̀ wa lọ tà nílùú òyìnbó ti ka ìjábọ̀ mi, ó sì ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí edé náà lọ́jọ́bọ̀, ní aago mọ́kànlá. Mensah ni orúkọ rẹ̀.

"Ìwọ tí o ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta," ó wí, "ìwọ ni yóò mú wa lọ."

Mo ní, "Madam, ẹ jẹ́ kí n ti ṣáájú yín débẹ̀, kí n bá wọn tún ibẹ̀ ṣe." Èrò mi ni pé kí n ti mọ ọ̀nà ilé àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó dé, kí n lè máa rìn bí ẹni tó ti ń wá tipẹ́. Ó gbà.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, mo gbé súùtù eléérú tuntun wọ̀, mo so táì, mo wọ bàtà tí mo ti dán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ogbe-Ijoh ní aago méje. Awakọ̀ ojú omi tó gbé mi wò mí lẹ́ẹ̀mejì. "Oga, na wedding?" ó bi mí. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú títí ọwọ́ mi fi kú.

Omi ti fà nígbà tá a débẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe afárá láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí dé òkè, ẹrẹ̀ dúdú sì wà lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ẹja kọjá lórí pákó náà láìwo ilẹ̀. Mo ní bí ó bá gbé òun àti agbọ̀n, yóò gbé mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, bàtà dídán mi sì yọ̀. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo kàn rọra wọ inú ẹrẹ̀ lọ ni, ó sì gbà mí dé àyà.

Ọkùnrin mẹ́ta ló fà mí jáde. Bàtà kan kò tẹ̀ lé mi. Fóònù mi jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Obìnrin kan tó ga, tó dúdú, tó kó ọwọ́ lé ìbàdí, ló dúró lókè tó ń wò mí. "Ìwọ lo máa ń pè mí lórí fóònù?" ó bi mí, pẹ̀lú ohùn Ìlàjẹ tó fa ọ̀rọ̀ náà gùn.

"Èmi ni, mà."

"Mo rò pé o ga jù báyìí lọ."

Báyìí ni mo ṣe mọ Ìyá Mòdúpẹ́ lójúkorójú. Ó ní kí n lọ wẹ̀, ó gba súùtù mi, ó fọ̀ ọ́, ó sì sá a. Kò sí aṣọ ọkùnrin nílé rẹ̀. Ìró aláwọ̀ aró kan ló fún mi, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n tẹ̀ fún ìkórè ìjọ wọn. Mo ní a ṣì ní wákàtí mẹ́ta, aṣọ mi yóò ti gbẹ.

Ìyá Mòdúpẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó lásán. Ó gbé agbada edé kan síwájú mi, ó ní kí n máa ṣa akàn wẹ́wẹ́ àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan lọ́fíìsì wa. Ó bu edé sínú abọ́ méjì, ó sì mì wọ́n létí mi. Ọ̀kan ń dún bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Èkejì ń dún bí iyanrìn tútù. "Èyí tó ń dún bí iyanrìn yìí," ó wí, "lójú, ó gbẹ. Bó bá wọ àpò fún ọ̀sẹ̀ méjì, á bu." Ó tọ́ka sí òkìtì ńlá kan ní igun. Òjò ló pa á, kò tíì gbẹ tán.

Mo ń gbádùn ara mi, n kò purọ́. Ojú mi wà nínú edé nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Aago kò tíì lu mẹ́wàá. Mo gbójú sókè, mo rí Madam Ejiro nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ọkùnrin sísanra kan tó dé fìlà onígbòòrò.

Mo sá lọ sí ẹ̀yìn ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́yìn irú ààrò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Èéfín wọ ojú mi, ó wọ imú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo wúkọ́ títí tí wọ́n fi gbójú sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì ní láti jáde, pẹ̀lú èédú lójú, pẹ̀lú ìró nídìí.

Ọ̀gbẹ́ni Mensah na ọwọ́ sí mi. Ó bi mí ní gẹ̀ẹ́sì bóyá èmi ni baálé ilé. Madam Ejiro wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti dá mi mọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ẹni tí mo jẹ́ nísinsìnyí, ọjà ti bàjẹ́, nítorí náà mo kàn mi orí lọ́nà tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Ìlàjẹ, pidgin Warri tí Ìyá Mòdúpẹ́ ń sọ sì yára jù fún un, ló bá di pé èmi ni mò ń túmọ̀. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń gbẹ edé, mo sọ ọ́. Mo mi abọ́ méjèèjì létí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mì í létí mi. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ló bá tọ́ka sí òkìtì inú igun, ó ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Mòdúpẹ́ gbọ́ ìyẹn láìsí ògbufọ̀. Ó ti ń wá àpò.

Bí ó bá rà á, ọ́fíìsì wa ti bọ́ nínú ewu. Bí ó bá dé òkè òkun tó bu, àwọn obìnrin mọ́kànlá yìí kò tún ní rí ẹni tí yóò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má ra ìyẹn. Kò tíì gbẹ."

Ìyá Mòdúpẹ́ yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ìró mi lo ró, ọjà mi lo sì ń bà jẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Mensah sọ fún Madam pé látọdún tí òun ti ń ra ọjà, òun kò tíì pàdé ẹni tó ń tà tó sọ pé kí òun má rà. Orí fóònù lòun ti ń ra ẹja tẹ́lẹ̀, ó wí; àwòrán kì í bu, ẹja ló máa ń bu. Ó wá ní, "Òṣìṣẹ́ yín tó wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta dà? Bí ẹ bá rí i, ẹ lé e lọ, kí ẹ gba ọkùnrin yìí."

Madam Ejiro rọra sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé agbára káká ni mo fi gbọ́ ọ. "Ó yẹ kí ó wà nítòsí," ó wí.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Madam, èmi ni. N kò wá lẹ́ẹ̀mẹta. Òní ni mo kọ́kọ́ wá." Kí n tó mọ̀, ara Ìjẹ̀bú mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì gbàgbé pé ìró kì í ṣe ṣòkòtò. Kókó rẹ̀ tú. Ṣòkòtò péńpé tí ìyàwó mi rà fún mi, èyí tí wọ́n ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí lára, ni gbogbo abúlé náà rí.

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin yẹn rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé èbúté Warri. Ìyá Mòdúpẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó jù ú bò mí, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ọ̀gbẹ́ni Mensah fìdí lé orí agbọ̀n kan kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Madam nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni Mensah ra èyí tó gbẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n sá òkìtì ti igun dáadáa, òun yóò kó o lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí èmi bá fọwọ́ sí i pé ó ti gbẹ. Ó sì kó o. Ó ti kó òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Wọn kò pa ọ́fíìsì wa pọ̀ mọ́ ibì kankan.

Nígbà tá à ń padà nínú ọkọ̀, ara mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti bẹ̀rù omi. Nígbà tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ogbe-Ijoh, Madam yíjú sí mi. "Nínú ìjábọ̀ ọjọ́ Ajé," ó wí, "kọ ọ́ pé o ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti òní lọ, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wàá máa lọ." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí odò, mo sì rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń bi mí bóyá ó ṣì ní ọjọ́ iwájú. N kì í fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ jù. Lẹ́tà kíkọ, wíwá orúkọ oníbàárà, kíkọ iye ọjà, ẹ̀rọ ti gbà wọ́n, kó máa gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ mi abọ́ létí oníbàárà, kó sì ní ẹnu láti sọ pé èyí kò tíì gbẹ. Èmi rò pé iṣẹ́ yẹn yóò pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun tí mo sì kọ́ fún ara mi kò ju èyí lọ: ẹni tó bá parọ́ pé òun ti dé ibì kan, kó tètè lọ síbẹ̀ kí ibẹ̀ tó wá pàdé rẹ̀. Èmi lọ, ṣùgbọ́n orí pákó ni mo ti mọ̀ pé mo pẹ́. Bí mo bá ń rò ó, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, èmi a wá wo ẹ̀gbẹ́ mi bóyá ẹnì kan ń wò mí.