Ìdánwò Ooru tí Mo Ṣe fún Ọkọ Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà nínú oṣù keje tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ ogbó. Lọ́sàn-án gangan, ní University Heights níbi tí à ń gbé ní Bronx, mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ara mi di opó.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ. Táyọ̀, àkọ́bí wa, ń ṣiṣẹ́ ní Dùbáì. Ó ní kí àwa méjèèjì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó ti ra awò dúdú kí físà wa tó jáde. Ní tèmi, ìmọ̀ràn fún arìnrìn-àjò ni mo ń kà lórí fóònù: kí a wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, kí a má ya fọ́tò ẹni tí a kò mọ̀, kí a má jẹun nínú ọkọ̀ ojú irin wọn, kí a mú ìwé dókítà dání fún oògùn wa. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ooru ibẹ̀ ló ń lé oorun lójú mi. Wọ́n ní ó ń dá géńdé wó, ọkọ mi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹni tó bá ti kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀ fún ẹ̀rù: ká ṣe ìdánrawò ṣáájú ìdánwò gan-an. Ooru New York sì mú lọ́sẹ̀ náà débi pé ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Mo ní ó parí, Ọlọ́run ti fún wa ní kíláàsì.

"Bàbá Táyọ̀, ẹ dìde, ẹ wọ aṣọ gígùn tí a rà fún Dùbáì yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ rìn kí ara yín lè mọ ooru."

"Ooru wo? Èmi tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta?"

"Ẹ ti pẹ́ kúrò ní Abẹ́òkúta. Ẹ wọ̀ ọ́."

"Ó dáa, Tíṣà."

Mo dúró títí òrùn fi dé àtàrí kí a tó jáde, nítorí ìdánwò tó bá rọrùn jù, kí ló fẹ́ kọ́ni? Bí a ti ń gun àtẹ̀gùn gígùn kan tó já sí òkè àdúgbò, ó ní kí n fún òun lómi. Mo ti kó ike omi méjì sí firísà láti àná kí wọ́n má baà tètè gbóná. Mo ṣí èkínní, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ̀kán kan ò jáde. Yìnyín gbagidi ni. Èkejì náà, bákan náà. Ọkọ mi gbé ike sẹ́nu, ó ń lá a bí ọmọdé.

"Ẹ ní sùúrù," mo ní, "yóò yọ́."

"Àfàìmọ̀ kí èmi má kọ́kọ́ yọ́."

Mo yọ fóònù láti pe táksì. Oòrùn ti pa á lọ́wọ́ mi; ó kọ ọ́ sójú pé ara òun gbóná jù, ó sì dúdú. Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi kì í dákẹ́. Òógùn tó ti ń dà lójú rẹ̀ gbẹ, ó wá tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

"Èmi ni ìyàwó yín!"

"Rárá o. Ìyàwó mi nífẹ̀ẹ́ mi. Kò lè mú mi wá síbí."

Mo figbe ta. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi jẹun láyé mi sá lọ, Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu mi. Ìyẹn náà ló gbà wá, nítorí Ìyá Ràṣídà, ọmọ Ìbàdàn tó ń ta oúnjẹ ilé wa nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, gbọ́ mi. Òun àti oníbàárà rẹ̀ kan sáré wá.

"Hàà! Tíṣà! Kí lẹ fi bàbá ṣe?"

"A ń... a ń dánra wò fún Dùbáì ni."

"Dùbáì! Ṣé òkú wọn lẹ fẹ́ gbé dé Dùbáì ni? Ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn! Ẹ yéé sunkún, ẹ gbé wọn!"

A gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti firísà ẹja tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. A bọ́ aṣọ gígùn burúkú tí mo ní kó wọ̀ náà, a ń fi aṣọ tútù nù ún lọ́rùn àti abíyá, ẹnìkan sì pe áńbúláǹsì. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi bí irin ìlọṣọ. Mo ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Olúwa, dá a padà fún mi. Mi ò ní kọ́ ọkọ mi ní nǹkan kan mọ́." Mi ò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó lajú díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá Táyọ̀," ó ní, "ta ló kó mi mọ́ ẹja?"

Ó pè mí lórúkọ! Mo bú sẹ́kún, Ìyá Ràṣídà bú sẹ́rìn-ín. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì dá a dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà bi mí léèrè ohun tí à ń wá nínú oòrùn. Mo ní a lọ nasẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ sí ìlú olóoru, ẹ gbọ́ tèmi: ara àgbà kì í ṣe ìwé tí à ń há sórí. Ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín, omi tó ń ṣàn ni o. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ẹ wọlé. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ dúró de ìgbà òtútù wọn. Oṣù kìn-ín-ní ni àwa padà wá lọ sí Dùbáì. Inú mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni a ti ń bọ́ sínú ilé ìtajà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, nítorí mi ò di súwẹ́tà kankan. Ọkọ mi káwọ́ gbera, ó ń gbọ̀n láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù oníwúrà.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ ò kọ́ wa léyìí o."

Mo tú gèlè mi, mo wé e mọ́ ọn lọ́rùn, àwa méjèèjì sì dúró síbẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín, eyín wa ń gbá ara wọn.