Igi Nangka Àgbàlá Bu Tumirah

Bó bá jẹ́ pé fáàrí máa ń mú èèyàn sanra ni, Wiratno kì bá ti lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ wọlé mọ́. Ẹnu géètì báǹkì kan ló ń ṣọ́ ní Jakarta, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún àwọn ará abúlé ni pé òun wà nídìí owó.

Lọ́dún ìtúnu àwẹ̀ yìí, ó yá ọkọ̀ funfun kan lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hendarto tó ń fi ọkọ̀ háyà ní Jakarta, ó wà á délé ní Gunungkidul, ó sì ní òun lòun ni ín. Ẹ má bú u jù: bọ́dún bá ti dé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń dán lábúlé wọn ló ní olówó tó ń retí wọn ní Jakarta. Tirẹ̀ yàtọ̀ nítorí pé ó fẹ́ fi fẹ́ Retno ni. Bu Tumirah, ìyá ọmọ, ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí yóò di àna òun gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó ní òrùlé.

Wiratno wọ àgbàlá wọn tayọ̀tayọ̀. Ọwọ́ kan ń tẹ fèrè, ọwọ́ kejì ń kí àwọn aládùúgbò. Ẹ wá bi mí pé ọwọ́ wo ló wà lórí sitíárì. Gbàà! Igi nangka ló dá a dúró. Èso kan tó tó ìkòkò omi já bọ́ sórí òrùlé. Bọ́ńpà tẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnì kú.

"Bátìrì ni!" Wiratno ti kéde kó tó bọ́ sílẹ̀. "Bátìrì ọkọ̀ olówó ńlá máa ń tijú."

Bu Tumirah ti wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ìjókòó iwájú, ó gbá báàgì mọ́ra. "Ẹ tún un ṣe o. Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa gbé mi yí abúlé ká. Mi ò sọ̀ kalẹ̀!"

Pak Parjan, aládùúgbò wọn, ní ó ṣeé ṣe kí wáyà orí bátìrì ti mì tú. Wọ́n dì í. Ó ti o. Wọ́n da omi gbígbóná sórí rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó ti o. Pak Parjan gbé ọkọ̀ tó fi ń kó ẹ̀gẹ́ wá, ó fi wáyà so bátìrì méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnì kò tilẹ̀ wúkọ́.

Retno gbé abọ́ ketupat, ìrẹsì ọdún tí wọ́n sè sínú ewé, jáde. "Ẹ̀gbọ́n, iná iwájú ọkọ̀ yín ń tàn yòò. Tí bátìrì bá ti kú, ta ló ń tan iná?"

"Agbára iná yàtọ̀ sí agbára ẹ́ńjìnì, Retno."

"Nínú bátìrì kan náà?"

"Ní Jakarta, bẹ́ẹ̀ ni."

Fóònù dún lápò rẹ̀. Ó yọjú wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, òógùn bò ó, ó gé ìpè náà.

"Ẹ gbé e ná," Pak Parjan ní.

"Ọ̀gá mi ni. Ìmọ̀ràn ló fẹ́ gbà. Á dúró."

Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn. Bó bá jẹ́ ẹṣin àyágùn ńkọ́? À á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá olówó ẹ̀ ń bọ̀.

Wiratno ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín wáyà nígbà tí fóònù tún dún. Bó ti ń dún lápò rẹ̀ ló ń dún nínú ọkọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló so fóònù mọ́ ẹ̀rọ orin ọkọ̀, kí gbogbo abúlé lè mọ̀ pé òun ti dé. Bu Tumirah rí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan tó ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Ó rò pé bọ́tìnì yẹn ló ń jí ẹ́ńjìnì. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Wiratno!" Ohùn Hendarto gba àgbàlá kan. "Ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ mi ti sọ fún mi pé o ti fi gbá nǹkan! Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnì láti Jakarta níbí. Ìwọ tó o ní Bandung lò ń lọ, kí lo wá dé Gunungkidul? Má fọwọ́ kan bátìrì mi o!"

Ewúrẹ́ pàápàá dẹ́kun jíjẹ.

"Ó ṣi nọ́ńbà pè ni," Wiratno sọ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Orúkọ yín náà ló ṣì pè?" Retno bi í, ó sì gbé ketupat rẹ̀ padà wọlé.

Bu Tumirah kò wo ẹnikẹ́ni. Ó tún gèlè ṣe, ó tẹ̀ síwájú síbi tí ohùn Hendarto ti ń jáde, ó sì mú ohùn tó dùn jù lọ nínú ọ̀fun rẹ̀ jáde.

"Ẹ kú ọdún o, ọ̀gá. Ìjókòó ọkọ̀ yín mà tura o! Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti níyàwó?"