Àìsàn Kúlúsúmù àti Sìkírù Tí Kò Dé Mọ́

Ọyẹ́ mú ní Lotto, ní Mowe, láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2006, débi pé àwọn tó ń sáré lọ wọkọ̀ Èkó fi táwẹ̀lì wé orí. Kúlúsúmù, ọmọ Ìkirè tó ń ta ẹja yìnyín ní Ìbàfò, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó ń na ìka ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ká a, ó tún ń nà án. Ibẹ̀ ló wà tí Bàbá Ìbíwùnmí, onílé rẹ̀, fi yọ láti kọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ réluwé ní Ìfọ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ti gba etí òsì rẹ̀ lọ pátápátá, tọ̀tún náà kò dá ṣáká, síbẹ̀ kò sí ohun tí bàbá kò mọ̀ láyé yìí.

"Kúlúsúmù!" Bàbá dúró gbagidi. "Ìka márààrún lo nà sí mi yẹn?"

Kúlúsúmù yára kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró. "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ káàárọ̀, sà. Dókítà ló ní kí n máa nà án."

"Dókítà ló ní kí o máa na onílé?"

"Áà! Ìka ni, sà! Ìka ló ń yọ mí lẹ́nu!"

"Ìkà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?" Bàbá mi orí. "Mo mọ̀. Mo ti sọ ọ́ pé ojú lásán kọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá."

Ó fa àpòòwé funfun kan yọ lápò. Kúlúsúmù mọ̀ ọ́n. Irú àpòòwé yẹn náà ni wọ́n fún káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kí ó tó di pé ó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde.

"Bísí onídìrí ló sọ fún mi," ni Bàbá wí, "pé ọwọ́ rẹ ń funfun, awọ ara rẹ ń le, ó sì ń dán bíi dígí. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé yìí, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo la sì ní. Gba ìwé rẹ. Oṣù kan ni mo fún ọ."

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ o, sà! Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ mí wò látòkèdélẹ̀, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Sìkìlẹrodẹ́mà ni!"

Tírélà kan kọjá lójú títì, ó fọn fèrè bí ẹni pé ó ní ẹjọ́ pẹ̀lú gbogbo Lotto.

"Sìkírù ò dé mọ́?" Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Áà. Ta ni Sìkírù?"

"Sìkìlẹrodẹ́mà, sà!"

"Mo ti gbọ́ pé kò dé mọ́. Má pariwo, àwọn ayálégbé àti ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ìgbà wo lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, sà."

"Oṣù mẹ́jọ!" Ojú Bàbá lọ sí ikùn rẹ̀. "Ṣé kò fi nǹkan kan sí ọ lára?"

"Ìrora ló fi sí i, sà! Tí mo bá ti ki ọwọ́ bọ inú yìnyín báyìí, ìka á funfun, á kú tipiri. Ẹnu mi pàápàá ò là dáadáa mọ́, mi ò lè gé búrẹ́dì jẹ. Nígbà mìíràn ẹlòmíì ló ń bá mi so ìró. Dókítà ní ogun ló ń jà nínú ara mi."

"Oògùn!" Bàbá fò sókè. "Sìkírù tún fi oògùn sí ọ lára kó tó sá lọ! Ìkà gbáà ni ọkùnrin yẹn!"

Bí ó ti sọ̀rọ̀ tán, ó dá àpòòwé padà sápò. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n lé obìnrin tí ọkùnrin ṣe báyìí jáde nílé mi. Jókòó. Má lọ ibì kankan. Sìkírù ni màá wá."

Kúlúsúmù wo àpò yẹn. Ìwé ti wọ àpò padà, yàrá ò bọ́ mọ́. Ó wá sí i lọ́kàn pé kí ló kù tí òun tún fẹ́ sọ? Kí Sìkírù máa gba èébú tirẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Ṣebí kò tilẹ̀ sí láyé. Ó ti ń la ẹnu láti dúpẹ́ nígbà tí Bàbá tún sọ̀rọ̀.

"Bàbá oníṣègùn kan wà ní Ìfọ̀," ni Bàbá wí, "abẹ kan ṣoṣo ló máa fi sín gbẹ́rẹ́ sí àwọn ìka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fi nǹkan dúdú kan ra á. Lónìí yìí la máa lọ."

Kúlúsúmù ká ọwọ́ mọ́ra. Dókítà ti sọ fún un pé egbò kékeré lára ìka wọ̀nyí lè gba oṣù mélòó kan kó tó jinná, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Yàrá ò ṣe pàtàkì tó ìka. Ó dìde, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún Bàbá, ó sì gbé ẹnu lé e.

"Bàbá. Kò sí Sìkírù."

"O ti dárí jì í?"

"Wọn ò bí i rí, sà! Orúkọ àìsàn ni mò ń pè. Ogun ni mo wí, kì í ṣe oògùn. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ara gbogbo wa, tí kòkòrò àìsàn bá wọlé, wọ́n á lé e jáde. Àwọn tèmi ló ṣèèṣì, wọ́n kọjú ìbọn sí onílé."

Bàbá sún sẹ́yìn. "Kí ni onílé ṣe fún wọn?"

"Ẹ̀yin kọ́, sà! Èmi tí mo ni ara ni onílé. Wọ́n rò pé ọ̀tá lara mi, wọ́n ń bá a jà. Ìyẹn ló ń mú kí awọ le. Ṣùgbọ́n kì í ràn, sà."

"Ta ló rán an?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán an, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ lè wẹ̀ tẹ̀ lé mi, ẹ lè fi abọ́ mi jẹun."

Bàbá na etí ọ̀tún sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, kò ní ohun tó fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. "Ó máa lọ?"

"Wọn ò tíì rí èyí tó ń lé e lọ pátápátá, sà. Ṣùgbọ́n ó ṣe é tọ́jú. Mò ń lo oògùn. Wọ́n ní kí n máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé, kó má baà ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n ní kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tó ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò. Kí n má gba abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì, kí n má jẹ́ kí òtútù mú mi, kí n máa na ìka. Mo bá tíṣà kan pàdé ní ilé ìwòsàn, ó ti di ọdún mọ́kànlá tí àìsàn yìí ti wà lára rẹ̀. Ó ṣì ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, sà." Ó fi ìbọ̀sẹ̀ nu ojú. "Ọjọ́ tí mo rí i ni mo tó rí oorun sùn."

Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ wọ àgbàlá. Bàbá ń wò ó báyìí, ìka ọ̀tún Kúlúsúmù funfun bí ẹfun, lẹ́yìn náà ó di aláwọ̀ aró.

"Yé è! Ó ń pa àwọ̀ dà!"

"Òtútù ni, sà. Ooru ló ń fẹ́."

Bàbá wo ọwọ́ náà, ó wo ọwọ́ tirẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì, ó bo ìka yẹn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ èémí sí i fuu, fuu. Kúlúsúmù gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti oṣù mẹ́jọ, yàtọ̀ sí dókítà, ẹni àkọ́kọ́ tó di ọwọ́ òun mú nìyí láìfi aṣọ bò ó.

"Ó ti ń pupa!" ni Bàbá kígbe. "Bí iná síńgínà wa! Lọ́dọ̀ wa ní réluwé, pupa ni dúró."

"Lọ́dọ̀ tèmi, funfun ni dúró, sà. Pupa ni ọkọ̀ lè máa lọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan fa àpòòwé yọ, ó fi eyín ya á sí méjì. "Ìwé yìí ò wúlò tẹ́lẹ̀. Kúlíkúlí ni taipísì kọ síbi orúkọ rẹ." Ó yára dá ọwọ́ kejì padà sórí èkíní. "Ẹja yìnyín yẹn wá ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀ láti àná, sà. Tíì ni màá máa tà ní Ìbàfò, fún àwọn tó ń lọ Èkó àti àwọn tó ń bọ̀ láti Kámúpù àdúrà. Ife gbígbóná ni màá máa dì mú látàárọ̀ dalẹ́."

"O ò kàn fi orí lásán gbé gèlè! Iwájú ilé mi níbí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ rà." Bàbá tún fẹ́ èémí sí i, ó ń pariwo bí ẹni ń pe ọkọ̀ ojú irin wọ Ìfọ̀. "Ṣé ó ti gbóná dáadáa báyìí? Ṣé kí n má fi í sílẹ̀? Sọ fún mi, ṣé o ń gbádùn rẹ̀?"

Kúlúsúmù wo ẹ̀yìn Bàbá, ó tún kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì há síbẹ̀.

"Ó ti gbóná, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, kí ẹ wá bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá onílé, torí wọ́n ti dúró sẹ́yìn yín láti ìgbà tí ẹ ti ń bèèrè bóyá mò ń gbádùn rẹ̀."