Ìléru Kékeré Tó Pa Iná Àdúgbò Wa

Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń wá ohun tí yóò fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀gá kan, tí mi ò ní dárúkọ, fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa yọ́ irin àlòkù: ẹ́ńjìnnì tó ti kú, egungun mọ́tò, ọkọ́ tó ti jẹ tán. Wọ́n á sì sọ ọ́ di ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń lò. Ìlú méjì ló kù lọ́kàn rẹ̀, tiwa àti Ẹmùrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Tíṣà, ni alága ìgbìmọ̀ tó máa gbà á lálejò. Èmi ní tèmi ti kàwé nípa irin ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mi ò sì ríṣẹ́. Ọ̀gá náà ti sọ fún Bàbá Tíṣà pé bí òun bá mú Ìkẹ́rẹ́, èmi lòun máa kọ́kọ́ gbà.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi igi dáná. Iná mànàmáná ni wọ́n ń rán gba inú àwọn òpó èédú ńláńlá. Bí òpó bá ti sún mọ́ irin, iná á fò láti ara rẹ̀ sórí irin, ooru ibẹ̀ á sì yọ́ irin bí ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ olówó rẹ̀ fi máa ń jẹ́ bóyá iná ìlú dúró ṣinṣin. Bàbá Tíṣà mọ èyí. Ó ti gbé iṣu àti àkùkọ adìyẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ iná, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mú iná wa lọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ṣèlérí. Mo mọ̀ pé ìlérí kì í ṣe ẹ̀rí, àmọ́ láti àárọ̀ ni iná ò ti ṣẹ́jú.

Èmi ni mo dábàá pé kí n ṣe ìléru kékeré kan fún àlejò àti ará àdúgbò wò. Mo yọ ọ̀pá dúdú tó wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, tí òun náà jẹ́ èédú, mo tò wọ́n sínú ìkòkò amọ̀, mo so wáyà mọ́ wọn. Ní Fúráídé tí mo dán an wò, fíúsì gbọ̀ngàn já. Ẹni tó ní làákàyè á bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Èmi ronú pé fíúsì yìí ló lè dójú tì wá lọ́la, mo bá fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Lójú mi, ìṣòro ti tán.

Àlejò dé, ó jókòó. Wọ́n gbé mínírà tútù fún un láti inú firíìjì Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń ta omi yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Fáànù ń fẹ́. Bàbá Tíṣà sọ̀rọ̀ títí, ó ní iná Ìkẹ́rẹ́ ò yàtọ̀ sí ti ìlú òyìnbó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rí lọ, ṣùgbọ́n ipò mi kọ́ ni láti tún un ṣe. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹnjiníà, ó yá."

Mo ju ìṣó kan sínú ìkòkò, mo sì rọra ti ọ̀pá méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Èéfín ló kọ́kọ́ jáde, àwọn tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ funfun kan bù yẹ̀rì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìṣó pọ́n, orí èmi náà wú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní òun ò rí nǹkan kan, mo bá tún ti ọ̀pá náà díẹ̀ sí i. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Wáyà tí mo fi ṣe fíúsì ò já, ó ti lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíúsì ìdí tiransifọ́mà àdúgbò níta ló já. Ó dún gbàù, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dúró.

"Uná ti lọ," ìyá àgbà kan sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta tó ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán dákẹ́. Rédíò dákẹ́. Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn òṣìṣẹ́ iná, pé wọ́n jẹ iṣu òun tán, wọ́n sì da òun. Àlejò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: bí mo bá dákẹ́, yóò gbà pé wọ́n ń mú iná wa lọ nígbàkígbà, èyí kì í sì í ṣe òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde. Mo ṣebí mò ń gbà wá là ni.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Wọn ò mú iná lọ. Èmi ni mo pa á."

Ó wo ìkòkò náà, ó wò mí. "Ọ̀pá bátìrì méjì yìí ló pa iná gbogbo àdúgbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dá mi lójú."

"Òpó èédú tèmi," ó ní, "ó ga jù ọ́ lọ."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló yọjú lójú fèrèsé. "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìléru yín ti ń ṣiṣẹ́, yìnyín mi ló máa kọ́kọ́ yọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àti àlejò pàápàá. Bàbá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ ni fíúsì tó já ń ṣe, kò yẹ kí n fi wáyà tó nípọn pa á lẹ́nu mọ́. Ní ti òtítọ́ tí mo sọ, mo ṣì ń gbé e yẹ̀ wò. Títí dòní, bí mo bá ti rí bátìrì tọ́ọ̀ṣì, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ dùn dénú. Àwọn kan sọ pé Ẹmùrẹ́ ni ọ̀gá náà kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí, àwọn mìíràn ní kò kọ́ ọ síbì kankan. Mi ò lè jẹ́rìí sí èyíkéyìí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ó jẹ iyán wa tán, ó dúpẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, mọ́tò náà sì gba ọ̀nà Ẹmùrẹ́ lọ.