Ọgbọ̀n Ènìyàn Lójúmọ́

Kí ló dùn nínú eré tí ènìyàn ti lè kú nígbà mẹ́rìnlá kí omi tó hó lórí iná? Ìyàwó télọ̀ ti bi ọkọ rẹ̀, ó ti bi onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn, ó sì ti bi ara rẹ̀. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì rí èsì gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi télọ̀ náà hàn yín. Ní ti iṣẹ́, ẹ má ṣiyèméjì: tó bá rán kọ́là ẹ̀wù, bí eṣinṣin bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ẹnu. Nígbà tó ra fóònù tuntun, tó kó wọnú géèmù ìbọn kan tí àwọn ènìyàn máa ń bá ara wọn gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi fún ara rẹ̀ lóyè: Ojú-Àwòdì. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ ẹ́ o, òun ló jẹ ẹ́, òun náà ló pàtẹ́wọ́.

"Ojú tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," á sọ fún oníbàárà tó ń wọ̀n lọ́wọ́, "ta ló fẹ́ sá mọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ọgbọ̀n ènìyàn ni mò ń pa lójúmọ́. Ọgbọ̀n! Lọ́jọ́ tí ara mi ò bá yá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́, ọmọ oṣù mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, oorun ti di ìtàn. Bí ọmọ bá sunkún, á fò dìde. Bí ọmọ ò bá sunkún, á fò dìde lẹ́ẹ̀mejì, á gbé etí sí i nímú bóyá ó ṣì ń mí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e díẹ̀ kí n sùn."

"Ṣé kí ọ̀tá wá kó wa lọ ni?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àfi bí fóònù bá wà lọ́wọ́ àgbà.

Pípa tó ń pa wọ́n ò tó o, ó tún ń kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó bá ti ṣubú, á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé: "Pẹ̀lẹ́ o. Ojú-Àwòdì ni. Lọ sọ fún wọn nílé." Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ẹkùn-Òru. Ó pa á títí àánú fi ṣe é, ló bá kọ̀wé ìtùnú sí i: "Má banú jẹ́, ọmọ ìyá mi. Ọjọ́ tìrẹ náà ń bọ̀." Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó fèsì rí.

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni," ni télọ̀ wí.

Àfi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí nọ́ọ̀sì kan wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, tó bá ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ènìyàn nílẹ̀. Ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bùrọ̀dá, àwa náà máa ń gbá a. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì, tá a bá wà nísinmi ọ̀sán."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ tó fi eyín dì mú fẹ́rẹ̀ẹ́ di oúnjẹ. "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo ojú egbò, ẹ wá fẹ́ dá egbò sílẹ̀? Ẹ wá ní Sátidé! Ẹ mú bándéèjì yín dání o!"

Ìyàwó rẹ̀ gbórí sókè. "Dádì, tí ẹ bá wá pàdánù ńkọ́?"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin."

"Tí èmi bá pàdánù, èmi ni n ó máa gbé ọmọ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sọ̀ọ̀sán, wákàtí méjì lójúmọ́, oṣù mẹ́ta gbáko. Ìwọ máa lọ sùn. Kí gbogbo àdúgbò jẹ́rìí mi!"

Onígbàjámọ̀ yọrí lẹ́nu ọ̀nà, kílípà ṣì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. "A ti gbọ́ o!"

Wákàtí méjì! Itọ́ pọ̀ lẹ́nu ìyàwó bí ẹni tó gbóòórùn ẹran díndín. Ká sòótọ́, àdúrà tó gbà fún ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà kì í ṣe àdúrà ìṣẹ́gun.

Sátidé pé. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Télọ̀, onígbàjámọ̀ àti atúnfóònù-ṣe kan ládùúgbò wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà nìkan ló dá wọn sí méjì. Ẹ̀mí márùn-ún ni olúkúlùkù ní, ẹgbẹ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù.

"Ẹ máa wo ẹsẹ̀ mi," ni Ojú-Àwòdì wí. Ló bá fò láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ó balẹ̀. Kò dìde mọ́. Ẹnì kankan ò yìnbọn o! Ẹ̀mí kan lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ju bọ́ǹbù. Bọ́ǹbù kọ lu férémù ilẹ̀kùn, ó padà wálé, ó gbé òun àti atúnfóònù-ṣe lọ pa pọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti Ojú-Àwòdì gbẹ́ èkù, ó tún gbẹ́ ẹni tó dúró tì í.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sá pamọ́. Ó wá figbe ta: "Ẹ wá kún mi lọ́wọ́! Ẹ̀yìn àgbá pupa ni mo wà!"

Ohùn nọ́ọ̀sì gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì wọlé: "Ẹ ṣé o, bùrọ̀dá." Gbòà!

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó rí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn, ó da ìbọn bò ó.

"Ojú-Àwòdì, èmi mà ni!" ni onígbàjámọ̀ ké.

"Aṣọ tó o wọ̀ ló jọ tiwọn!"

"Télọ̀ tí ò mọ aṣọ!" Nígbà tí onígbàjámọ̀ fi ẹ̀mí mìíràn dé, kò wá ọ̀tá lọ. Télọ̀ ló wá lọ. Gbòà!

Ó wá ku ẹyọ ẹ̀mí kan. Òógùn ti bo fóònù. Àsìkò yẹn gan-an lọmọ fi igbe ta, ọkùnrin tí kò gbọ́ igbe yìí fún oṣù mẹ́jọ sì gbọ́ ọ kedere.

"Háà, ọmọ mi ń sunkún! Ìyàwó, gba èyí, n ó gbé e!"

Ìyàwó ò mọ ìbọn. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń rìn kọjá níyàrá tí ọmọ ti ń sùn. Ó ń yọ́ rìn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ìyàwó ta gìrì, ìka rẹ̀ tẹ ìbọn, nọ́ọ̀sì ṣubú. Èkejì náà ṣubú. Ẹ̀mí ìkẹyìn wọn nìyẹn, torí onígbàjámọ̀ àti atúnfóònù-ṣe ti gba ìyókù kí àwọn náà tó kú tán pátápátá. Ó ku òun àti nọ́ọ̀sì oníyunifọ́ọ̀mù, ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan.

Eré náà ti ń dùn mọ́ ọn, kò mọ ìdí. Ló bá rí nọ́ọ̀sì níwájú, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Títẹ̀ kan péré ló kù.

"Tẹ̀ ẹ́!" ni ọkọ rẹ̀ pariwo. "Tẹ̀ ẹ́!"

Ó wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì. Ó rántí bẹ́ẹ̀dì.

"Nọ́ọ̀sì," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ pè gba inú kọ́tìnnì, "ẹ kú iṣẹ́ o."

Gbòà!

"Ẹ̀mí mi tó ṣẹ́kù!" Télọ̀ fọwọ́ lérí. "Ká ní èmi ni mo dì í mú ni!"

"Ẹ di ọmọ yẹn mú dáadáa," ni onígbàjámọ̀ wí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni télọ̀ fi rán aṣọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyàwó sì sùn, ó sùn débi pé ìrọ̀rí ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àmì. Ẹ má rò pé ẹnu ọkọ rẹ̀ sinmi o. Ó ní ìyàwó ló ba géèmù jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun ṣì ni olúwa ọgbọ̀n ènìyàn.

Ìgbà tí ọmọ ti ń fúnra rẹ̀ wọ bàtà ni nọ́ọ̀sì tó tú àṣírí fún ìyàwó. Yàrá tí géèmù yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹni tuntun ni télọ̀ ti ń gbá a ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn tó ń pa níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni. Àwọn tó ṣe géèmù ló kó wọn síbẹ̀ láti máa ṣubú, kí inú àlejò lè dùn, kó má baà sá lọ. Ẹkùn-Òru tó kọ̀wé tù nínú kò ní ilé, kò ní ìyá. Ẹlẹ́mìí méjì péré ni Ojú-Àwòdì pa rí: atúnfóònù-ṣe àti onígbàjámọ̀. Mẹ́ta ni, bí a bá ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.