Òòlù Tí Fágbénró Rà Dípò Fáìlì

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá wúwo gan-an, torí pé òòlù wà nínú rẹ̀.

Bàrúwà ló pẹjọ́, Fágbénró ló pè lẹ́jọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ni ẹ́ńjìnnì ìgégi kan ṣoṣo tó wà ní abúlé wa nítòsí Ìhunbọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti kọṣẹ́, wọn á gbé e sọdá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wọn lọ́nà Kútọnù. Àmọ́ ìjọba ti bọ́dà pa. Mẹkáníìkì wà lọ́hùn-ún, ẹ́ńjìnnì wà níbí, pákó tí wọ́n ṣèlérí fún òrùlé mọ́ṣáláṣí ṣì dúró nínú igbó gẹ́gẹ́ bí igi. Òjò sì ti ń ṣú.

Ni wọ́n bá pinnu pé ilé ni àwọn á ti máa tún un ṣe. Fágbénró ní òun á lọ ra irinṣẹ́ ní Ìlarò. Bàrúwà sọ ohun tí wọ́n nílò fún un: fáìlì roboto tí wọ́n fi ń pọ́n eyín ṣéènì, sípánà tí wọ́n fi ń tú púlọ́ọ̀gì, sukudiráfà, àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á máa fi gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára rẹ̀. Fágbénró lọ, òòlù kan ṣoṣo ló gbé bọ̀, irú èyí tí àwọn afọ́kùúta ń lò.

Bàrúwà kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀. “Baba, mo ní kó ra ohun tí a ó fi wo aláìsàn. Ohun tí a ó fi pa á ló rà wálé.”

Wọ́n ní kí Fágbénró fèsì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ó ní gbogbo ohun tí Bàrúwà kà sílẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ máa bẹ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ tiwọn ò ṣàìsàn rárá, oríkunkun ló ń ṣe.

“N ò ní lù ú, Baba,” ló wí. “Mo kàn fẹ́ kí òòlù máa wà nítòsí, kó máa rí i.”

Ọ̀tún Baálẹ̀ mi orí. Ó ní òun gbà á gbọ́, pé ọ̀rọ̀ tútù ò yé jẹnẹrétọ̀ tòun náà.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Modinat tó ń ta irinṣẹ́ ní Ìlarò ní ọkùnrin náà ò pẹ́ rárá lọ́dọ̀ òun. Òun na fáìlì sí i, ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó nawọ́ sí òòlù, ó lọ. Ìbídàpọ̀ ọlọ́kadà tó gbé e ní irọ́ ni, pé odindi ọ̀sán ni òun fi jókòó dè é, tó ń gbé òòlù kan tẹ̀ lé òmíràn wò bí ẹni ń yan àgbò iléyá. Ó ní Modinat fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n tó ti bọ́dà lòòlù náà ti wọlé, pé irú rẹ̀ ò sí mọ́. Modinat ní òun lè búra. Ìbídàpọ̀ ní òun ti búra tòun lójú ọ̀nà.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá, kí Fágbénró fi òòlù hàn án.

Fágbénró gbé òòlù sókè, ó fajú ro, ó fi ọwọ́ kejì fa okùn. Ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ó tún fà á. Òòlù ti wúwo jù fún ọwọ́ kan, ó yọ̀, ó sì ba ìdérí ẹ́ńjìnnì gbọ̀ọ̀. Nígbà tó tún fa okùn, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ìjòyè fọ́n ká, Ọ̀tún wà lẹ́yìn àga Baálẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú.

Bàrúwà tó pẹjọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Fágbénró, tún un lù.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan ni òòlù ń dà láàmú nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di méjì báyìí. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí Ìlarò, kí Modinat fi fáìlì àti àwọn yòókù pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn, kí Bàrúwà yàn wọ́n, kí Fágbénró má sọ̀rọ̀ kankan nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ di igi òòlù mú láti ibí dé Ìlarò,” ni Baálẹ̀ wí. “Bó bá fi lè kanlẹ̀, ẹ padà wá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú mi.”

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbéra lórí ọ̀kadà Ìbídàpọ̀, tí òòlù wà láàárín wọn bí ọmọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi dá wọn dúró, tí ọ̀gá ibẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbé.

“Ìdájọ́ ni, sà,” ni Bàrúwà wí.

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì wo ara wọn. Fágbénró ṣàlàyé pé kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, ó sì ròyìn ẹjọ́ náà látòkè délẹ̀. Ìbídàpọ̀ pè wá lórí fóònù láìpẹ́ yìí: wọ́n ṣì wà níbẹ̀ o, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ti bá wọn di orí òòlù mú kí apá wọn lè sinmi díẹ̀.